KÍ NI KÍ A RÀ SÍLÉ FÚN ERÉ ÌDÁRAYÁ?

  

Nígbà tí rélùwéè so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Lónìí, àwa tí a ń tajà ní Kantin Kwari, orí àga ni a ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Aláàárù ní ń gbé bẹ́ẹ̀lì aṣọ, Adaidaita Sahu ní ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà Sabon Gari. Ẹnu nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ lára wa: a fi ń ná ọjà, a sì fi ń jẹ tuwo.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ a máa jókòó. Kọ́ndọ́kítọ̀ a máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ́ndọ́kítọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nínú àwa àti aláàárù wa, ta ni awakọ̀, ta ni kọ́ndọ́kítọ̀?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, fún ọjọ́ 5. Àmì pé ó tó ni pé ọkàn ń lù kíkan, a lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè kọrin.

Ìrìn nígboro kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn oṣù kẹrin ní Kánò kì í ṣe kékeré, eruku ọyẹ́ kò dára fún èémí, a sì máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wá ohun èlò sílé.

Èkíní ni okùn fífò, òun ni ó dínwó jù. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀. Bí orí rẹ̀ méjèèjì bá dé abíyá, ó bá yín mu. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì, ẹ má fò ó lórí sìmẹ́ńtì lásán. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí ara rẹ̀ wúwo, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Èkejì ni àtẹ̀gùn. Ẹni tí ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ní i ná. Ẹni tí kò ní, kí káfíńtà kan àpótí tó fẹ̀, tí kò mì, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6 sí 8, kí ó máa gùn ún kí ó máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ tí a ń wà lójú kan. Tòkunbọ̀ rẹ̀ tó wa. Kò ni orúnkún lára bí okùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì nílò iná mànàmáná. A kì í ra gínnì láìtú u wò. Kí a ṣe kẹ̀kẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gùn ún níwájú ẹni tí ń tà á. Bí pẹ́dàlì bá dé ìsàlẹ̀, kí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ yí kókó tí ń mú un le; bí kò bá le sí i, inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ ka ìwọ̀n ara tí ó lè gbé. Bí ó bá ń mì, ẹ máa lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀rọ ìsáré, treadmill. Ó wuyì, ṣùgbọ́n ó gbówó, ó ń jẹ iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà gbé e. Ọwọ́ ọmọdé sì lè há sí i. Kí a má tìtorí fáàrí jẹ gbèsè.

Ohunkóhun tí a bá rà, kí a fi aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó má di ibi ìsáṣọ o! Aṣọ tí a ní ní Kwari ti tó. Èyí tí a ó lò lójoojúmọ́ ni ó dára jù, ì báà ṣe okùn lásán.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bí àyà bá ń dunni tàbí ojú ń ṣú, kí a dúró, kí a lọ rí dókítà.

Níkẹyìn, a bẹ ilé pé nínú owó tí a bá rí lónìí, kí ẹgbẹ́ ra kẹ̀kẹ́ kan tó dára àti ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sí ibi ìpàdé wa. Ẹni tí kò lè dá rà, a ó jọ lò ó. Owó tí a ń dá fún ìsìnkú, ẹ jẹ́ kí a dá díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹ̀mí. Ìlera loògùn ọrọ̀.