Ta Ló Fún Káòbọ̀ì Láṣẹ?

  Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ òní náà nìyí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ káòbọ̀ì la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ ohun tó wá sí yín lọ́kàn: akẹtẹ̀ ńlá, ẹṣin, ìbọn ní ìbàdí, ọkùnrin méjì tí wọ́n dúró láàárín títì tí wọ́n ń wo ara wọn láì ṣẹ́jú. Àwọn òbí wa mọ̀ ọ́n nínú fíìmù. Àwa mọ̀ ọ́n nínú géèmù. Ẹni tó bá ti gbá Red Dead Redemption 2 rí mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n kó tó di fíìmù, kó tó di géèmù, inú ìwé ló wà. Láti 1860 ni wọ́n ti ń ta ìwé pẹlẹbẹ ní New York, ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá péré, tó kún fún ìtàn àwọn akọni ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà.

Ayé àwọn káòbọ̀ì tó ń da màlúù la pápá kọjá yẹn kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ. Kí ló wá dé tí ìtàn wọn fi lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ṣì ń gbọ́ ọ? Èrò tèmi ni pé ìbọn kọ́ ló fà á. Ìbéèrè kan ni, tí àwọn ìwé náà ń bá ara wọn jiyàn lé lórí: nígbà tí ilé ẹjọ́ bá jìnnà, tàbí tí a kò gbẹ́kẹ̀ lé e, ta ló láṣẹ láti fìyà jẹ ọ̀daràn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí ọkùnrin yìí ká wo ojú rẹ̀ dáadáa. Káòbọ̀ì, darandaran ni. Ẹni tó ń gba owó oṣù ni. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, màlúù pọ̀ ní Texas bí eṣú, kò sì sí ẹni tó máa rà á lówó gidi níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ jẹ ẹran wà ní àwọn ìlú ńlá ìlà-oòrùn. Ní 1867, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Joseph McCoy dá ọjà màlúù sílẹ̀ lẹ́bàá ojú irin ní Abilene, ìpínlẹ̀ Kansas. Bí wọ́n ṣe ń da màlúù láti Texas lọ síbẹ̀ nìyẹn, ìrìn oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, nínú eruku àti òjò, fún owó bíi 30 sí 40 dọ́là lóṣù. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú wà nínú iṣẹ́ náà, àwọn ará Mẹ́síkò sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan fojú bù ú pé nínú darandaran mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Kí ló wá fòpin sí i? Àgbẹ̀ dé. Òfin kan tó jáde ní 1862 ti sọ pé ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ ìjọba fún ọdún márùn-ún tó sì dáko síbẹ̀ lè gba 160 éékà. Ní 1874, Joseph Glidden gba ìwé àṣẹ lórí wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó ṣe, àgbẹ̀ sì rí ohun tó máa fi sọgbà. Àgbẹ̀ ń sọgbà; olówó màlúù ní kí pápá wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé ìròyìn ilé, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìjà àgbẹ̀ àti darandaran fún yín.

Ó dáa, ẹ bá mi dé Wyoming. Òtútù 1886 wọ 1887 pa màlúù lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni màlúù wọ gbèsè, wọ́n sì ń nàka sí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké: wọ́n ní olè ni wọ́n. Lóòótọ́, àwọn kan ń jí màlúù. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ní ilé ẹjọ́ kì í dá olè lẹ́bi, nítorí náà àwọn ò ní dúró de adájọ́. Ní oṣù Keje 1889, wọ́n yẹgi fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Ella Watson àti ọkùnrin kan, Jim Averell. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi fún un. Ní oṣù Kẹrin 1892, àwọn ọkùnrin bí àádọ́ta tó gbébọn wọ ojú irin láti Cheyenne. Ó ju ogún lọ nínú wọn tí wọ́n fowó bẹ̀ wá láti Texas. Wọ́n mú ìwé dání tí orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pa wà nínú rẹ̀. Wọ́n pa Nate Champion àti Nick Ray ní Johnson County. Champion ja ìjà náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kékeré kan bí ìbọn ṣe ń dún. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n ká àwọn apànìyàn náà mọ́ inú abúlé màlúù kan. Ṣé ẹ mọ ẹni tó wá gba àwọn apànìyàn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ogun ìjọba ni. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn.

Ẹ fi ìtàn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló wà lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ: The Virginian, tí Owen Wister gbé jáde ní 1902. Ọmọ Philadelphia ni Wister, Harvard ló ti kàwé. Theodore Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ló sì fi ìwé náà júbà fún. Ó ti ń lọ sí Wyoming láti 1885, àárín àwọn olówó màlúù ló sì ń dé sí. Akọni inú ìwé rẹ̀ kò lórúkọ. Ará Virginia ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó màlúù kan, Judge Henry. Ó mú àwọn olè màlúù, Steve ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ó yẹgi fún un. Ó dùn ún débi tó fi sunkún, àmọ́ ó ṣe é.

Molly Wood, olùkọ́ tó fẹ́ fẹ́, gbọ́, ẹ̀rù bà á. Judge Henry wá jókòó tì í, ó ní àwọn ará ìlú ló fún ilé ẹjọ́ láṣẹ. Bí ilé ẹjọ́ kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n lè gba àṣẹ wọn padà. Ó tún ní èyí yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń dáná sun àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù. Ẹ ò rí i pé ẹnu dùn? Ṣùgbọ́n ta ni Judge Henry? Òun ló ni màlúù. Ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù ló ń ṣàlàyé fún wa pé pípa tí wọ́n pa olè dára.

Ìwé náà tà wàràwàrà. Akọni tó ń dá sọ̀rọ̀ díẹ̀, tó ń yára fa ìbọn, tó sì ń jà lójú títì ní ìparí, inú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fíìmù ti rí i.

Ìwé kejì ló dá a lóhùn. Ní 1940, Walter Van Tilburg Clark kọ The Ox-Bow Incident. Nevada ni, ní 1885. Ìròyìn dé ilé ọtí pé wọ́n ti pa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kinkaid, wọ́n sì ti jí màlúù. Kò sẹ́ni tó rí òkú. Àwọn ọkùnrin gun ẹṣin, wọ́n lé e lọ, wọ́n ká ẹni mẹ́ta mọ́ inú òkè lóru, màlúù sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Martin, ní òun rà á ni, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó tà á kò kọ ìwé ẹ̀rí. Àwọn díẹ̀ ní kí wọ́n dúró de ṣẹ́ríìfù. Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ yìí ni Sparks, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti pa arákùnrin rẹ̀ báyìí rí. Wọn ò gbọ́. Wọ́n yẹgi fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni wọ́n gbọ́ pé Kinkaid kò kú. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá owó jọ fún opó Martin.

Clark sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà tí ẹ̀rù Hitler ń ba gbogbo ayé lòun ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú ló ń tì wọ́n láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ní kí wọ́n dúró. Gbogbo wa la ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù: ẹnì kan pariwo olè, èrò pé jọ, táyà dé, epo dé. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ló jí, iná ti ń jó.

Ìwé kẹta, Shane, jáde ní 1949. Jack Schaefer tó kọ ọ́ kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Wyoming náà ni, ní 1889, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àgbẹ̀ ni ìwé yìí wà. Àjèjì kan gun ẹṣin dé oko Joe Starrett, ó tọ́jú ìbọn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di lébìrà. Ọmọ Starrett, Bob, ló ń ròyìn fún wa. Fletcher olówó màlúù fẹ́ lé gbogbo àgbẹ̀ kúrò, ó sì háyà ayìnbọn kan. Shane gbé ìbọn rẹ̀ padà, ó pa àwọn méjèèjì, ó sì kúrò ní ìlú náà pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Kí ló dé tí kò dúró kí wọ́n máa pọ́n ọn lé? Torí ó mọ̀ pé ìlú tó fẹ́ máa fi òfin gbé ayé kò lè fi ẹni bíi tòun ṣe olórí. Ó gbìyànjú láti yí padà, kò ṣeé ṣe.

Ẹ wo bí ìwé mẹ́ta ṣe dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo. Wister ní àwọn ọlọ́lá láṣẹ. Clark ní kò sẹ́ni tó láṣẹ. Schaefer ní bóyá ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, àmọ́ ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn yìí kò fi kú. Ó kó wa lọ síbi tí kò sí ọlọ́pàá, kò sí adájọ́, kò sí ẹni tó ń wò wá, ó sì bi wá pé: ìwọ ńkọ́?

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mi ò lè fò. Ilẹ̀ tí Johnson County wà, ní ìlà-oòrùn òkè Bighorn, ilẹ̀ ọdẹ àwọn Lakota, Cheyenne àti Arapaho ni. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé ní Fort Laramie ní 1868 pé ilẹ̀ náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ wọn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ogun ti gbà á. Nítorí náà, nígbà tí àgbẹ̀ àti olówó màlúù ń pariwo olè mọ́ ara wọn, ẹni méjì ló ń jà lórí ilẹ̀ ẹnìkẹta. Ẹ ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹnìkẹta yẹn.

Ẹnì kan tún wà tí kò sí nínú wọn. Bass Reeves, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí oko ẹrú, di ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ní 1875. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń wá ọ̀daràn kiri ní ilẹ̀ tó di Oklahoma lónìí. Ní 1902, ọmọ rẹ̀ Bennie pa ìyàwó ara rẹ̀. Ìwé àṣẹ jáde pé kí wọ́n mú un. Reeves ní kí wọ́n fún òun. Ó lọ mú ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó fà á lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, ọmọ náà sì lọ sẹ́wọ̀n.

Ọdún 1902 kan náà ni The Virginian jáde. Bí Amẹ́ríkà ṣe ń yin ọkùnrin inú ìwé tó yẹgi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láì dé ilé ẹjọ́, ọkùnrin gidi kan mú ọmọ rẹ̀ lọ síwájú adájọ́. Èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ máa pè ní akọni?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú Shane, kò gùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ka The Ox-Bow Incident. Kó wá ka The Virginian kẹ́yìn, kó sì máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀, kódà bó bá tako tèmi. Ó dìgbà kan ná o.