Èèwọ̀ Ara Kì í Ṣe Àfojúdi

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Port Harcourt

  

Wọ́n ní kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìlera, nítorí pé ìlera loògùn ọrọ̀. A kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni a kà, ọjà ni a sì ń tà títí di òní. Ohun tí a fẹ́ sọ ni ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, tí a sì fi ojú ara wa rí láàrin àwọn ènìyàn wa.

Ẹ̀yin ará, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ èèwọ̀. Ìdílé kan wà tí kì í jẹ irú ẹran kan, òmíràn kì í jẹ irú ẹja kan. Ẹni tí ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ilé wa, a kì í bínú sí i, a kì í sì í fi ipá fún un ní oúnjẹ náà. A ó ní, "Èèwọ̀ rẹ̀ ni," a ó sì wá òmíràn fún un. Èèwọ̀ kan tún wà tí kì í ṣe ti ìdílé, tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó kọ oúnjẹ náà. Òun ni a fẹ́ bá yín sọ.

Àrùn náà ni àwọn dókítà ń pè ní sílíàkì. Nínú àlìkámà tí a ń lọ̀ di fùláwà, èròjà kan wà tí ń jẹ́ glúùtẹ̀nì. Òun ni ó ń mú kí fùláwà tí a pò máa fà, kí búrẹ́dì sì lè wú. Ó wà nínú ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe malt, ó sì wà nínú ọkà ráì tí àwọn òyìnbó ń gbìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ ẹ́, kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ní sílíàkì bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́run fi sínú ara kí wọn máa bá àrùn jà yóò dìde, ìfun ẹni náà ni wọn yóò sì dojú ìjà kọ. Inú ìfun wa rí bí ara táwẹ́ẹ̀lì: ó ní irun wẹ́wẹ́ tí ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìjà yìí, irun táwẹ́ẹ̀lì náà yóò máa jẹ, títí tí ibẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ̀ dán. Nígbà náà, bí ènìyàn jẹ odidi ìkòkò kan, ara kò ní rí i lò.

Ìdí nìyí tí inú ọmọ fi lè wú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tín-ín-rín, tí kò sì ní ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru lè máa ṣe àgbàlagbà, ó sì lè rù. Ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára rẹ̀ bí ó ti wù kí ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó, ó lè máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí egbò sì máa yọ sí i lẹ́nu. Àwọn mìíràn wà tí inú kò dùn wọ́n rárá, tí ó jẹ́ pé ara ni ó ń yún wọn tí ó sì ń sú jáde. Kì í ràn wọ́n bí ikọ́. Inú ìdílé ni ó ti ń rìn: bí ẹnìkan bá ní i, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ-ìyá rẹ̀ lè ní i.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé oúnjẹ ni? Ní 1888, Dókítà Samuel Gee ní London kọ̀wé nípa àrùn yìí, ó sì sọ pé bí ìwòsàn yóò bá wà, nínú oúnjẹ ni yóò ti wá. Ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tí ó fà á. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Dicke, ti ń fura sí àlìkámà kí ogun Hitler tó dé. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, ìyàn mú ní ilẹ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ gbòǹgbò òdòdó. Búrẹ́dì kò sí. Ebi ń pa gbogbo ìlú, síbẹ̀ ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ní 1950, Dicke kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo ayé sì gbà á.

Ẹlòmíràn yóò ní àrùn òyìnbó ni. Rárá o. Ní 1999, àwọn dókítà tẹ ìwé jáde nípa àwọn ọmọ Sahrawi, àwọn ará aṣálẹ̀ Sahara ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 wò, wọ́n sì rí i pé ó ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ní sílíàkì, nígbà tí ó jẹ́ pé ní àgbáyé, nǹkan bí ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Wàrà ràkúnmí, èso déètì àti ọkà díẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ń jẹ. Ìgbà tí àwọn ará Spain dé, tí oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ sì dé lẹ́yìn ìyẹn, búrẹ́dì di oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti àwa náà. Ní àwọn ọdún 1920, Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tí ó ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́, ni ó sọ iṣẹ́ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó. Láti ìgbà náà ni búrẹ́dì ti ń wọlé, tí ẹ̀kọ ń jáde. Nígbà tí ìjọba Babangida fi òfin de àlìkámà òkèèrè ní 1987, ẹ̀yin àgbà rántí bí búrẹ́dì ṣe wọ́n tó. Wọ́n ká òfin náà kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, fùláwà sì tún gba ilé. Lónìí, ọmọ wa yóò jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, yóò jẹ nudú lọ́sàn-án, yóò jẹ sẹ́mó lálẹ́. Àlìkámà ni gbogbo rẹ̀. Bí àrùn yìí bá wà nínú ilé, báwo ni kò ṣe ní yọjú?

Ó ti yọjú láàrin wa. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú wa, bẹ̀rẹ̀ sí í rù láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, títí àbúrò rẹ̀ fi ga jù ú lọ. Wọ́n fún un ní oògùn aràn. Wọ́n tọ́jú tífọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mu àgbo, wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àwọn kan ń sọ ọ̀rọ̀ àbíkú lábẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì ń wo ìyá àgbà inú ilé náà ní ìwòkuwò, títí tí ìyá náà fi ní òun yóò padà sílé. Nígbà tí ó yá, dókítà kan bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni ọmọ yìí máa ń jẹ?" Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀fun wo inú ìfun rẹ̀. Sílíàkì ni. Wọ́n mú fùláwà kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ẹran ara fi padà sí i. Ìyá àgbà kò lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ìyá kan tí ó fẹ́ràn ọmọ náà bu pọfù-pọfù fún un. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé mà, n kò lè jẹ ẹ́." Ìyá náà ní, "Kí ló dé? Ṣé mo fi májèlé sí i ni?" Àwọn tí ó jókòó ní ọmọ òde òní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ojú ti ìyá tí ó bí i, ó ní kí ó fi díẹ̀ kan ẹnu. Ọmọ náà fi díẹ̀ kan ẹnu. Òru mẹ́ta ni kò sùn.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí. Àrùn yìí kò ní oògùn títí di òní. Oúnjẹ nìkan ni oògùn rẹ̀, títí ọjọ́ ayé ẹni. Ẹnìkan kò sì lè dá a ṣe láàrin àwa tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni a fi ń ṣe ìfẹ́.

Ọpẹ́ ni pé Ọlọ́run kò fi ebi pa ẹni náà. Àwọn ará wa ní London ń fi owó ńlá ra búrẹ́dì tí kò ní glúùtẹ̀nì. Nílé wa níhìn-ín, iyán kò ní in. Àmàlà, ẹ̀bà, fùfú àti láfún kò ní in. Ọ̀gì àti ẹ̀kọ, àkàrà, mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀wà, ègbo, ìkọ́kọrẹ́, ìrẹsì, dòdò, ẹran, ẹyin àti ẹja, gbogbo rẹ̀ ni ó lè jẹ. Àwọn onílẹ̀ wa náà ń jẹ ohun tí ó dára fún un: iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gún pọ̀ tí àwọn Kalabari ń pè ní onunu, àti bọ̀lì pẹ̀lú ẹja sísun tí Port Harcourt fi lókìkí. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ti ará oko, òun gan-an ni ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Búrẹ́dì, pọfù-pọfù, ṣin-ṣin, bọ́ọ̀sì, mítípáì, bisikíìtì, sìpàgẹ́tì, nudú, sẹ́mó àti òkèlè àlìkámà, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Bíà àti malt ń kọ́? Ọkà báálì sábà máa ń wà nínú wọn. Ohun mímu oníkòkó inú agolo àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́, kí a ka ara páálí rẹ̀ kí a tó rà á. Ní 2012, nígbà tí Dókítà Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba pariwo búrẹ́dì gbáàgúdá. Ó dára fún àpò ìlú, ṣùgbọ́n àlìkámà ṣì wà nínú rẹ̀. Àkàrà tí a dín nínú òróró pọfù-pọfù ti bàjẹ́ fún ẹni náà. Ẹja tí a fi fùláwà ra lára kí a tó dín in náà ti bàjẹ́. Èlùbọ́ tí a lọ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ àlìkámà tán kò mọ́ fún un. Kí wọn fọ ẹ̀rọ náà dáadáa kí wọn tó lọ tirẹ̀, tàbí kí a máa lọ̀ ọ́ nílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tí inú ń dà láàmú. Ẹ má lọ máa fi ọwọ́ ara yín sọ pé sílíàkì ni. Aràn wà, tífọ́ọ̀dù wà, wàrà náà sì wà. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, Norman Kretchmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá ni ara wọn kì í lè da ṣúgà inú wàrà, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn Fúlàní ń dà á. Èyí kì í ṣe àrùn. Bí a ṣe dá kálukú ni. Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì jáwọ́ nínú jíjẹ búrẹ́dì kí wọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí pé bí ìjà inú ara bá ti rọlẹ̀, àyẹ̀wò lè má rí i mọ́.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún. Èkíní, níbi gbogbo ìpàdé àti ìnáwó wa, kí ìkòkò kan wà lọ́tọ̀ tí fùláwà kò kàn, pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Èkejì, kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìfilọ́lẹ̀ yìí fún àyẹ̀wò àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, àwa oníṣòwò, bí oníbàárà bá bi wá pé kí ni ó wà nínú ọjà, kí a sọ òótọ́. Àwa náà ń ta fùláwà, a ó sì máa tà á, ṣùgbọ́n èrè kì í dùn lórí àìsàn ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ti sọ ọ́ lónìí. Bí ọmọdé bá kúnlẹ̀ tí ó ní òun kò lè jẹ búrẹ́dì wa, kí a ní, "Èèwọ̀ rẹ̀ ni, ẹ fún un ní mọ́ín-mọ́ín." Kò kọ̀ wá. Ó fẹ́ wà láàyè kí ó lè máa bá wa jẹun ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí àìsàn. Kí ó bù sí òwò wa, kí ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí àlàáfíà wà láàrin àwa àti àwọn onílẹ̀.