Nígbà tí Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Bá Dópin

Ẹni tí ó bá mọ Ìkàrẹ́, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ ipò tí ó wà láàárín Olúkàrẹ́ àti Ọwá-Alẹ̀, tàbí tí ó mọ Ọ̀kà, níbi tí Olúbàkà àti Asín wà, yóò mọ̀ pé ẹjọ́ oyè a máa pẹ́ ju ẹni tí ó pè é lọ. Ọmọ a sì jogún ìwé ìdájọ́ bí ẹní jogún oko. Bí kò bá wá sí ilé-ẹjọ́ kankan mọ́ lókè, ǹjẹ́ a tún lè yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò?

Láti ọdún 1963 tí a ti fi òpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ni òpin. Òun náà kì í fẹ́ padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Emeka Ihedioha bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún ẹjọ́ ipò gómìnà Imo gbé yẹ̀ wò, adájọ́ mẹ́fà nínú méje kọ̀. Adájọ́ Nweze nìkan ni ó dá yàtọ̀. Ẹ̀rù wọn yé mi. Ta ni yóò kọ́lé sórí ilẹ̀ tí a lè tún dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ́la?

Àyè díẹ̀ wà ṣá. Ìdájọ́ tí a fi èrú gbà, a lè pe ẹjọ́ tuntun lé e lórí. Ẹjọ́ Skenconsult ti ọdún 1981 sì fi hàn pé bí ìwé ìpẹ̀jọ́ kò bá dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ bí òfin ti là á sílẹ̀, òfo ni gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn baba wa ti wí i tẹ́lẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n pé adájọ́ ṣi ẹjọ́ dá, ìyẹn nìkan kò tó.

Àforíjì Ààrẹ tún wà. Ọdún 1913 ni a dá Herbert Macaulay lẹ́bi lórí owó ogún olóògbé kan tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923 kò lè du ipò fúnra rẹ̀. Ó kú ní 1946. Ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinubu tó kéde àforíjì fún un. Ibí yìí ni iṣẹ́ èdè tèmi ti wọlé: a kì í forí ji ẹni tí kò ṣẹ̀. Àwọn tí ó ń wí pé a ti dá Macaulay láre ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀; ìdájọ́ 1913 ṣì wà nínú ìwé.

Nítorí náà, ará Àkókó tí ó jogún ìwé ìdájọ́, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé ìpẹ̀jọ́ àtijọ́ náà jáde, kí ó wò ó bóyá ó dé ọwọ́ baba rẹ̀, kí ó sì wo ọjọ́ tí ó dé ibẹ̀.