Àwọn Ọmọ Tí A Kò Kà

Ọ̀rọ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl àti Sáḿbíà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Lọ́dún 2017, àwọn ọmọ ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe PISA-D, ẹ̀yà ìdánwò PISA tí àjọ OECD ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí jájẹ. Nínú ìwé kíkà, Sẹ̀nẹ̀gàl gba 306, Sáḿbíà gba 275. Máàkì bíi 407 ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó dé ìpele kejì, níbi tí yóò ti lè ka àyọkà tí kò gùn jù, kí ó sì tọ́ka sí kókó inú rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọmọ 100 tó ṣe é, nǹkan bíi 9 ló débẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl; ní Sáḿbíà, 5 péré.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún Sẹ̀nẹ̀gàl. Ọmọ tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, tàbí tí kò tíì dé kíláàsì keje, kò sí lára àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò náà. Nínú gbogbo ọmọ ọdún 15, 29 nínú 100 ni ìdánwò náà ṣojú fún ní Sẹ̀nẹ̀gàl, 36 ní Sáḿbíà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú 100 ọmọ ọdún 15, àwọn tí ìdánwò jẹ́rìí sí pé wọ́n mọ̀wéé kà kò pé 3 ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọn kò sì pé 2 ní Sáḿbíà. Ibi tí à ń du ipò sí nìyẹn!

Èdè Faransé ni wọ́n fi dán àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl wò, Gẹ̀ẹ́sì ni ti Sáḿbíà. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Wolof tàbí Pulaar ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́ nílé. Ní Sáḿbíà, Bemba, Nyanja tàbí Tonga ni. Mo ti rí ohun tí irú èyí ń fà, nílé ìwé kan nítòsí wa níbí. Ọmọdébìnrin kan fi ìka tọ ìlà ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó kà á geere, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, “Kí ló ṣe ajá inú ìtàn yẹn?” Ó wò mí, ó dá ìka padà sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Lọ́dún 2014 ni Sáḿbíà ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni láti kíláàsì kìíní dé ìkẹrin. Àwọn tó ṣe ìdánwò 2017 ti dàgbà kọjá ibẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi máàkì wọn dá ètò yẹn lẹ́bi. Ilé-Ifẹ̀ níbí náà ti dán irú rẹ̀ wò rí: láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. A mọ èyí, a sì gbé e jù sí àpótí.

Nàìjíríà ò bá wọn ṣe ìdánwò yẹn, nítorí náà kò sí máàkì tí a lè fi yan fanda. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ ní kí ọmọ yín ka ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín.