Ìyẹ̀wù Iná Inú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Amẹ́ríkà

Gbogbo wa ni a ti wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ ti ń jáde. Àyè kékeré kan ni, tí ó wà lókè písítìnì. Àwa yóò máa pè é ní ìyẹ̀wù iná. Níbẹ̀ ni a ti ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pẹtiróòlù pọ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó tan iná sí i. Bí a bá ṣe fún un pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Nínú Model T, tí Ford gbé jáde ní 1908, ẹ̀gbẹ́ sílíńdà ni àwọn fáàfù wà. Nítorí náà ìyẹ̀wù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀nà iná sì jìn. Ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò tó ìlọ́po 5. Agbára ẹṣin 20 péré ni ó ní. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò nira, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi í ṣẹ̀sín.

Èéṣe tí wọn kò fi fún un pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Epo tí ó kù ní ìkángun ìyẹ̀wù a máa gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì yóò máa dún kó-kó-kó, bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ wà nínú rẹ̀. Písítìnì a sì máa bàjẹ́.

Ricardo, ará Gẹ̀ẹ́sì, tún ìyẹ̀wù náà mọ. Ó rẹ òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ ní apá kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan písítìnì, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè máa yí po, kí iná sì yára. Ṣùgbọ́n Midgley ti General Motors rí i ní 1921 pé òjé díẹ̀ nínú epo ń pa ariwo náà. Ọ̀nà yìí rọrùn ju ti Ricardo lọ, májèlé sì ni òjé. Ní 1924, òṣìṣẹ́ 5 kú ní ilé ìfọpo Bayway ní New Jersey. Orí wọn dàrú kí wọ́n tó kú. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní 1925. Kò pẹ́ tí ó tún fi padà sí ọjà.

Lórí epo olójé yìí ni àwọn ẹ́ńjìnnì ńlá ti dìde. Ní 1949, Oldsmobile àti Cadillac gbé fáàfù lọ sí orí sílíńdà, ìyẹ̀wù wọn rí bí òrùlé tí ó da sí apá kan, ìfúnpọ̀ wọn sì ju ìlọ́po 7 lọ. Ti Chrysler ní 1951 ni ó wù wá jù: ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, fáàfù méjèèjì kọjú sí ara wọn, agbára ẹṣin rẹ̀ sì jẹ́ 180. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì wọ́n láti ṣe.

Ní 1971 General Motors dín ìfúnpọ̀ kù, kí ẹ́ńjìnnì wọn lè lo epo tí òjé kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1996 ni òfin Amẹ́ríkà lé òjé kúrò pátápátá nínú epo ọkọ̀ ojú títì. Kí ọdún náà tó dé, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti padà sídìí ìyẹ̀wù iná, wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ mọ kí iná lè yára.