Ẹ̀rọ Kékeré àti Iṣẹ́ Ìkọ̀kọ̀



Rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ó sì dé Òṣogbo ní 1907, kò gba Ìlúpéjú-Èkìtì wa yìí kọjá. Ṣùgbọ́n agbára tí ó fà á, èyíinì ni ooru omi, kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ni ń ṣí ìdérí ìkòkò nígbà tí àwọn ìyá wa bá ń se iṣu iyán.

Ní ọdún 1859, Thomas Aveling, tí ó ń gbé Rochester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé ẹṣin ni nwọ́n fi ń wọ́ ẹ̀rọ ooru omi láti oko dé oko. Ó fi ẹ̀wọ̀n irin so ẹ̀rọ náà mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ sì gbé ara rẹ̀ rìn. Títí di òní, àwọn ènìà kan ní ilẹ̀ náà ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní kékeré lẹ́yìn ilé wọn, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí àgbà rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé kékeré ni ó rọrùn. Bí gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀rọ bá jẹ́ ìdá kan nínú 4 ti àgbà, ara rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí yóò jẹ́ ìdá kan nínú 16, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ yóò jẹ́ ìdá kan nínú 64. Nítorí náà ni ó fi ń yára tutù, gẹ́gẹ́ bí òtútù ti ń tètè mú ọmọ ọwọ́ ju ìyá rẹ̀ lọ.

Àgbá omi ni ó léwu jù. Omi tí ó di ooru a máa fẹ̀ tó ìlọ́po 1,600. Kí a tó dáná sí i rárá, a ó fi omi tútù kún àgbá náà, a ó sì fi pọ́ọ̀npù tì í títí agbára inú rẹ̀ yóò fi di ìlọ́po méjì èyí tí yóò máa bá ṣiṣẹ́. Èéṣe tí ó fi jẹ́ omi? Nítorí omi kì í sún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí àgbá bá là, omi a jò lásán, kì yóò fọ́n irin ká.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1865, àgbá omi ọkọ̀ Sultana bú gbàmù lórí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó ṣègbé ju 1,000 lọ. Ṣáájú èyí, àgbá kan nínú rẹ̀ ti jò. Nwọ́n sì lẹ irin fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, nítorí nwọ́n ń kánjú àti kó èrò.

Bí ọ̀dọ́ kan nínú yín bá fẹ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kí ó má sì ṣe dáná kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ará, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀dà ni ojú ń rí. Ibi tí a ti jó irin pọ̀ ni iná ń dán wò. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìjọ tí a kà nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé-ìwé tí a ti fi erùpẹ̀ bò. Ẹ jẹ́ kí a fi omi tútù dán iṣẹ́ wa wò nísisìyí, nígbà tí jíjò rẹ̀ kò tíì lè pa ẹnikẹ́ni.