Àwọn Oníwàásù àti Olóòtú Ìwé Ìròyìn tí Orúkọ Wọn Fẹ́rẹ̀ẹ́ Parẹ́



Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther láwùjọ yìí, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni í ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Andrew Désàlú Wilhelm, àwọn tí yóò dáhùn kò ní pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nígbà tí Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, tí ó sì padà sí Sàró, ọmọ Ẹ̀gbá yìí, tí a ti kó lẹ́rú rí, wà lára àwọn tí ó dúró sẹ́yìn láti máa kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Irú wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ ń dá ẹni tí ń wá ìtàn wọn dúró. Ní Sàró, a ń fún àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún ní orúkọ òyìnbó, nígbà mìíràn orúkọ ẹni tí ó dá owó fún iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ìwé ń pe ọkùnrin kan ní Wilhelm, ilé sì ń pè é ní Désàlú. Ẹ tún wo David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi àti olóòtú ìwé ìròyìn ní Èkó. Láti 1894 ni ó ti sọ ara rẹ̀ di Mojọlá Agbẹ̀bí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọkùnrin méjì ni.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjì ni a ní láti tọ̀. Ọ̀kan ni ti ìwé. Ẹgbẹ́ C.M.S. a máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí London. Bẹ́ẹ̀ ni Daniel Olúbí ṣe ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni James White ṣe ní Ọ̀tà. Ìwé wọ̀nyẹn wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí, apá kan nínú ìwé iṣẹ́ náà sì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. J. D. Y. Peel kà wọ́n títí, ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa gan-an ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tí ń kọ̀wé sí ọ̀gá tí ń sanwó fún un a máa ṣa ohun tí yóò sọ. Ìwé kò sọ agbo ilé tí ọkùnrin náà ti wá, kò sọ oríkì rẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó dárúkọ ìyàwó tí ń se oúnjẹ fún gbogbo àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nítorí èyí ni ọ̀nà kejì, èyí tí í ṣe ẹnu àwọn àgbà, kò fi ṣeé fi sílẹ̀.

Ti àwọn tí ń ṣe ìwé ìròyìn tilẹ̀ ṣòro jù. Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń to lẹ́tà ìtẹ̀wé fún un? Nígbà tí Ifọ́lé dé ní 1867, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin. Ní Èkó, Andrew Thomas dá Ìwé Ìròhìn Èkó sílẹ̀ ní 1888; mélòó nínú àwọn tí ń gbé Èkó ni ó mọ̀ ọ́n? E. M. Líjàdú, oníwàásù ní Oǹdó, tẹ ìwé lórí Ifá ní 1898 àti ní 1908. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń tọ́ka sí ìwé náà, ṣùgbọ́n Oǹdó ni ó yẹ kí a ti béèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé pépà àtijọ́ nínú àpótí kò já mọ́ nǹkan, kí ó gbọ́ ti Samuel Johnson, oníwàásù ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù sọ́dọ̀ àwọn tí ì bá tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ nílé ni Obadiah àbúrò rẹ̀ jókòó tì, tí ó fi tún gbogbo rẹ̀ kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bí ará ilé bá ti fi pépà wọ̀nyẹn dáná ni, kí ni à bá máa kà lónìí?

Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn ní ilé púpọ̀, ikán sì ń bá a lọ. Bíbélì tí a kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí, lẹ́tà, ìwé ìwàásù: ẹ má ṣe jó wọn nígbà tí ẹ bá ń tún ilé kọ́. Ẹ má sì ṣe kó wọn lé àlejò lọ́wọ́ pé kí ó mú wọn lọ. Kí a yà wọ́n ní fọ́tò, kí ìwé gan-an padà sínú àpótí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti ṣe tán láti wá ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ òfo. Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan ni pé kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sì sọ orúkọ tí ìwé kò sọ.